Ọ̀WỌ́N: Iye Epo Bẹntiróòlù, Ọwọ́ Ìjọba àti Àwọn Ará Alímọ̀ṣọ́

 Yóò ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni a ní kí ó wá sọ ìtàn iye epo bẹntiróòlù. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ọrọ̀ ajé, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní í wọ inú oko wọn kọjá bí ó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì mú mi dé inú ìtàn yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni "wọ́n", èyí tí a ti ṣẹ̀dá "ọ̀wọ́n" láti ara rẹ̀.

Bí ẹlẹ́ja bá sọ fún wa pé ẹja wọ́n lónìí, ọ̀nà méjì ni a lè gbà gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ pé owó gọbọi ni wọ́n ń dá lé e. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí níta rárá. Ọ̀rẹ́ tí a kì í rí mọ́, a máa ń sọ fún un pé ojú rẹ̀ wọ́n. Omi tí ó gbẹ nínú kànga ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun náà wọ́n. Àwọn tí ó fi èdè yìí lé wa lọ́wọ́ kò ya ọ̀wọ́n ti owó kúrò lára ọ̀wọ́n ti àìrí, nítorí pé ní ojú ọjà, ọ̀kan ni ó ń pe èkejì. Ohun tí ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ wa sì gbìyànjú láti ṣe fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni láti ya ìtumọ̀ méjèèjì yìí nípá. Wọ́n fi òfin sọ pé epo kò gbọdọ̀ wọ́n ní owó. Epo náà sì wọ́n ní rírí. Àlàfo tí ó wà láàrin ìtumọ̀ méjèèjì ni àwọn oníjìbìtì fi ṣe oko. Èrò tèmi, tí n ó fi ìtàn gbè lẹ́sẹ̀ níhìn-ín, ni pé àṣìṣe ìjọba kò sí nínú pé iye tí ó dá lé epo pọ̀ tàbí pé ó kéré. Inú òṣùwọ̀n àti inú ìwé ìṣirò ni ó wà. Ibi tí mo sì ti fẹ́ kí a dúró wo ọ̀ràn náà ni Alímọ̀ṣọ́.

Mo mọ Alímọ̀ṣọ́ dáadáa, nítorí pé Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ń gbé. Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ tí ń ka ènìyàn fún ìjọba àpapọ̀ rí ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀ ní ọdún kan náà, ó rí 2,047,026. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi iye méjèèjì yìí sí ọkàn. Ilẹ̀ tí a kò lè fi ẹnu kò sí iye àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ní í rọrùn láti mọ iye lítà epo tí wọ́n ń jó. Ìkòtún, Ìgàndó, Ìdímù, Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́dá, gbogbo wọn jẹ́ oko àti abúlé nígbà kan rí. Lónìí, àwọn òṣìṣẹ́ inú wọn ní láti jí kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ, kí wọ́n tó lè dé Ìkẹjà tàbí Erékùṣù Èkó. Dánfó, kẹ̀kẹ́ márúwá àti ọ̀kadà ni ó ń gbé wọn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ó ń fún aránṣọ, onígbàjámọ̀ àti ẹni tí ń ta ẹja dídì ní iná; ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú ilẹ̀ pàápàá, epo ni ó ń mu. Nítorí náà, bí iye epo bá yí padà ní òwúrọ̀, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, owó ọkọ̀, owó omi àti iye kóńgò gàrí ní ọjà Ìkòtún yóò ti gbọ́.

Gàrí ni mo dárúkọ yẹn, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ dárúkọ rẹ̀ ni. Kí epo tó di ohun tí à ń jà lé lórí, gàrí ni ìjọba kọ́kọ́ fi òfin dè ní Èkó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, oúnjẹ wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń kùn pé owó iṣẹ́ kò ká a mọ́. Láti ọdún 1941 ni ìjọba amúnisìn ti gbé ètò ìdíyelé oúnjẹ kalẹ̀, orúkọ òyìnbó tí ó wà nídìí rẹ̀, Captain A. P. Pullen, ni ìtàn sì fi ń pe ètò náà. Wọ́n dá iye lé gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn, wọ́n sì ń ṣọ́ ohun tí ó ń gba ojú irin wọ ìlú. Ohun tí wọ́n kò ṣe ni pé kí wọ́n jókòó ti àwọn obìnrin tí ń lọ ra gàrí náà ní oko, kí wọ́n bi wọ́n léèrè pé èló ni ẹ rà á, èló ni ẹ fi gbé e, èló ni ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Alímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, ẹlẹ́ja ní ọjà Erékò, tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà ní Èkó, kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò ju àwọn tí ń kọ ìwé òfin náà lọ. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Gàrí pòórá lórí àtẹ, ó wá ń yọjú ní kọ̀rọ̀ ní iye tí ó ju ti òfin lọ fíìfíì. Nígbà tí ó di ọdún 1945, ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ètò náà ká. Pẹlẹ́wùrà kú ní 1951, ọdún márùn-ún kí a tó rí epo rọ̀bì ní Olóibírì.

Ẹ kò ní í rí orúkọ obìnrin yìí nínú àwọn ìwé tí a kọ nípa epo bẹntiróòlù. Mo rò pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà, ní ojú ewé kìn-ín-ní.

Ọdún 1956 ni a rí epo ní Olóibírì, ọdún 1958 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tà á sí òkèèrè, ilé ìfọpo àkọ́kọ́ sì ṣí ní ẹ̀bá Pọ́tà Hákọ̀ọ̀tù ní 1965. Ní 1973, lábẹ́ Ọ̀gágun Gowon, ìjọba pàṣẹ pé iye kan náà ni kí a máa ta epo ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1975, òfin mìíràn dá àpò owó kan sílẹ̀ tí a óò fi máa san owó ìkẹ́rù fún àwọn tí ń gbé epo lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí ẹni tí ó wà ní Maiduguri má baà ra epo ju ẹni tí ó wà ní Àpápá lọ. N kò ní í fi èrò yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, àwọn tí ó wà nípò sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí i pé ohun ìní kan náà ni a jọ ní. Ṣùgbọ́n ní 1977 ìjọba dá NNPC sílẹ̀, ó di ẹni tí ń wa epo, tí ń fọ̀ ọ́, tí ń gbé e gba inú ọ̀pá, tí ń tà á; ìjọba náà ni ó sì tún ń dá iye lé e, òun ni ó ń ṣọ́ òṣùwọ̀n. A kì í jẹ méjì lábà Àlàdé. Ọlọ́jà tí ó tún jẹ́ onídàájọ́ ọjà, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ tí a bá pè é?

N kò ní í ka gbogbo àlékún iye epo láti ìgbà náà fún yín. Ilẹ̀ yóò ṣú. Ẹ jẹ́ kí a kàn wo ọ̀nà tí ó ń gbà wáyé. Ní 1978, iye lítà kan tí kò tó kọ́bọ̀ 10 tẹ́lẹ̀ di kọ́bọ̀ 15.3. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, ìjọba Shónẹ́kàn gbé e láti kọ́bọ̀ 70 sí náírà 5. Abacha gba ìjọba, ó sì mú un wálẹ̀ sí náírà 3.25. Ọdún kejì, Abacha fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di náírà 15, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ó di 11. Ní ìparí 1998 ó di 25, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i ó di 20. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2000, Ọbásanjọ́ ní náírà 30, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yanṣẹ́lódì, ó di 22. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2012, Jonathan gbé e láti 65 sí 141. Ìlú dàrú, àwọn ènìyàn kún Ọjọ́tà bámúbámú, kí oṣù náà tó parí ó di 97.

Ẹni tí ó bá ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà rí yóò ti dá ohun tí mo ń wí mọ̀. Ìnájà ni. Ọlọ́jà pe ọjà ní iye tí òun alára mọ̀ pé kò ní í tà á, oníbàárà fi ìbínú dá iye tirẹ̀, wọ́n sì pàdé ní ibi tí ọlọ́jà ti fi ọkàn sí láti ilé. Ìjọba ológun àti ìjọba alágbádá, gbogbo wọn ni ó mọ iṣẹ́ náà. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà, ó sì le: ní ọjà wa, bí iye kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ìwọ yóò kọjá sí àtẹ kejì, ọlọ́jà àkọ́kọ́ yóò sì máa pè ọ́ padà. Nínú ìnájà epo, kò sí àtẹ kejì. Ẹni tí ó ń bá wa ná ọjà náà sì ni ó ni àwọn ọlọ́pàá.

Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, iye orí ìwé yàtọ̀ sí iye ojú pópó. Kẹrosíìnì ni ó fi èyí hàn jù lọ, nítorí pé epo àwọn tálákà ni. Fún ọdún púpọ̀, títí di 2015, náírà 50 ni ìjọba kọ sílẹ̀ fún lítà kan, a sì ń san owó ìrànwọ́ lé e lórí. Ìyàwó ilé tí ó gbé ìgò lọ sí ẹ̀yìn ọjà ní Ìgàndó mọ̀ pé ìlọ́po méjì iye yẹn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òun ń san. Ìrànwọ́ náà jáde láti inú àpò ìjọba. Kò dé inú ìgò obìnrin yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹntiróòlù ṣe ń gba Ìdí-Ìrókò àti Sẹ̀mẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ìgò tà á lẹ́bàá ọ̀nà ní orúkọ kpayo. Àwọn ará Kútọnu gun alùpùpù lórí owó ìrànwọ́ tí a ní a ń san fún ará Ìkòtún.

Ní 2012, lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù Kìn-ín-ní, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin kékeré ní Abuja yẹ ìwé owó ìrànwọ́ wò. Náírà bílíọ̀nù 245 ni ó wà nínú ìṣúná ọdún 2011 fún un. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé ohun tí ó jáde ju tírílíọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ. Àwọn tí ń gbé epo wọlé kò tó mẹ́wàá ní 2006, wọ́n ti di 140 ní 2011. Owó lítà mílíọ̀nù 59 ni a ń san lójúmọ́, nígbà tí ìgbìmọ̀ náà ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 31 ni ilẹ̀ yìí ń lò. Alága ìgbìmọ̀ náà, Farouk Lawan, ni ilé ẹjọ́ sì dá lẹ́bi ní 2021 pé ó gba ẹ̀gúnjẹ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò epo tí ó ń yẹ ìwé wọn wò. Bí mo bá kọ èyí sínú ìwé eré onítàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò ní mo ti ṣe àṣejù.

Kí a má lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo ẹnu ẹ̀rọ. Nígbà ọ̀wọ́n kan báyìí, mo gbé kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 lọ sí ilé epo kan ní àdúgbò wa. Ẹ̀rọ náà ń ka iye lọ, kẹ́ẹ̀gì kò kún. Nígbà tí ó kún, lítà 31 ni ẹ̀rọ kọ. Mo fi han ọmọdékùnrin tí ń tà á. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú, kẹ́ẹ̀gì yín ni ó fẹ̀." Àwọn tí ó tò lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn ní kí n yára kúrò níbẹ̀ kí epo tó tán. Ní ọjọ́ náà, iye tí ìjọba dá kò yí padà ní kọ́bọ̀ kan, ilé epo yẹn kò sì rú òfin iye. Lítà gan-an ni wọ́n fi oyún inú rẹ̀ ṣòfò. Oníkóńgò tí ó bá fi ọwọ́ tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú ní ọjà Ìkòtún, ìyálọ́jà yóò pè é, yóò sì fi kóńgò náà wọ́lẹ̀. A tún máa ń béèrè èènì lọ́wọ́ olóúnjẹ. Ta ni ó ti gba èènì ní ilé epo rí?

Mo ní láti sọ ti ọ̀pá epo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wù mí. Epo tí a ń du iye rẹ̀ yìí, abẹ́ ilé àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ ni ó ń gbà kọjá. Láti Atlas Cove ní etí òkun, ọ̀pá NNPC gba inú ilẹ̀ wa lọ sí Mòsímì lẹ́bàá Ṣàgámù, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì wọ ibùdó epo ní Èjìgbò, tí ó múlé gbe Ìkòtún. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, nígbà tí ọ̀wọ́n epo wà ní Èkó fún ọdún Kérésìmesì, àwọn olè lu ọ̀pá náà ní Abúlé Ẹ̀gbá lóru, wọ́n gbé tiwọn lọ, wọ́n sì fi ojú ihò sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará àdúgbò gbé korobá, abọ́ àti ọ̀rá jáde. Iná ṣẹ́, àwọn tí ó kú ju 250 lọ. Náírà 65 ni iye lítà kan nínú ìwé òfin ní ọjọ́ náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katapílà tí ń ṣe ọ̀nà ní Ìjẹ̀gùn gbá ọ̀pá kan náà, iná tún jó ènìyàn. Ti Ìjẹ̀gùn kì í ṣe olè rárá, ẹni tí ó yẹ kí ó mọ ibi tí ọ̀pá wà ni kò bìkítà. Ní Bàrúwà, lọ́nà Ìpájà, láti àwọn ọdún 1990 ni epo tí ń jò láti ara ọ̀pá ti wọ inú kànga. Àwọn ènìyàn ń fa omi, bẹntiróòlù ń bá a jáde. Ẹ ronú sí i: ìdílé tí ó ń tò fún epo ní ilé epo ní òwúrọ̀, tí epo sì wà nínú kànga rẹ̀, tí ó wá ń fi owó ra omi.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Buhari fi ọwọ́ sí òfin tuntun lórí epo. Òfin náà sọ pé ọjà ni yóò máa dá iye, ó sì kó iṣẹ́ ìṣọ́ àti àpò ìkẹ́rù ti 1975 sínú àjọ kan tí a ń pè ní NMDPRA. Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 kí Tinubu tó kéde ní ọjọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ ti lọ. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìkéde náà, náírà 488 ni NNPC ń ta lítà tí kò tó 200 tẹ́lẹ̀ ní Èkó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti di 998. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́, náírà 30,000 láti 2019, kò kúrò lójú kan títí di oṣù Keje ọdún 2024 tí ó di 70,000. Ìtò ní ilé epo dínkù, epo sì wà. Ẹni tí yóò rà á ni ó wá wọ́n. Ẹ rí i pé ìtumọ̀ kejì ọ̀rọ̀ náà ni a bọ́ sí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ pé kí a fi ọjà sílẹ̀, yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọkọ̀ tò lọ rẹrẹ ní 1974 àti 1979 lábẹ́ òfin ìdíyelé tí Nixon bẹ̀rẹ̀ ní 1971, tí Reagan sì fòpin sí ohun tí ó kù nínú rẹ̀ lórí epo ní 1981. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra gálọ́ọ̀nù kan ní Amẹ́ríkà ń gba gálọ́ọ̀nù kan. Lóòótọ́, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 tí ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ti ń ta bẹntiróòlù, àtẹ kejì ti wà, a sì rí i ní 2025 tí àwọn ọlọ́jà ńlá ń bá ara wọn du oníbàárà, tí iye sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn sí i. Àtẹ méjì kò tíì di ọjà, síbẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí owó ìrànwọ́ padà. N óò bi wọ́n pé ta ni yóò di ìwé mú lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé a ti rí ọwọ́ àwọn tí ó dì í mú tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo rí pé ó kù fún ìjọba kò nílò ìkéde òru. Àwọn aṣọ́pọ́ǹpù àjọ náà ní agolo òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò, wọ́n sì máa ń ti ilé epo tí ó bá rẹ́ni jẹ pa nígbà tí wọ́n bá yọjú. Alímọ̀ṣọ́ ti pín sí ìjọba ìbílẹ̀ àti agbègbè ìdàgbàsókè mẹ́fà láti 2003. Kí irú agolo bẹ́ẹ̀ kan wà ní gbangba ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan wọn, lábẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyálọ́jà, kí ẹni tí ó bá fura lè gbé epo tí ó rà wá dà sí i lójú gbogbo ènìyàn. Kí ìjọba máa lẹ iye tí epo gúnlẹ̀ ní Àpápá àti iye tí ó jáde ní Ìbẹ̀jú mọ́ ògiri ní èdè Yorùbá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí onídánfó Ìgàndó lè ṣírò ohun tí ilé epo jẹ lé e lórí. Kí wọ́n sì ya ọ̀nà tí ọ̀pá gbà láti Ìjẹ̀gùn dé Abúlé Ẹ̀gbá sára pátákó, ní ibi tí onílé, awakọ̀ katapílà àti ọmọ ilé ìwé yóò ti rí i, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga omi mímu fún àwọn ará Bàrúwà.